Kí ni tíọ́rì fẹ́ ṣe fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ẹ kú àìsùn.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ibí ni mo ti lè sọ ọ́ tẹ́nì kan ò ní pè mí ní ọ̀lẹ. Ọdún kẹjọ mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìlọrin ni mo ti kọ́ṣẹ́, Abuja ni mo ti ń jẹun. Wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni mo wà, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ. Lọ́dún tó kọjá mo padà sílé ẹ̀kọ́ láti gba dìgírì, torí ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí: àwọn ọmọ tí a kọ́ níṣẹ́ ló ń gba iwájú wa kọjá.

Olùkọ́ wa wá fún wa níṣẹ́. Kí kálukú mú tíọ́rì kan nínú àwọn tíọ́rì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìyẹn èrò tí àwọn àgbà nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀ nípa ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́, kó sọ bó ṣe tún ìwà òun ṣe lẹ́nu iṣẹ́ àti bó ṣe yí ìtọ́jú tí òun ń fún aláìsàn padà. Ojú ìwé 10. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa dá a padà.

Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo kọ Florence Nightingale, mo dúró. Mo pa á rẹ́, mo kọ Dorothea Orem, mo tún dúró. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ wọ́n. Nightingale 1859, Peplau 1952, Orem 1971, Watson 1979, àwọn tó kọ tíọ́rì àti ọdún tí ìwé wọn jáde: mo há wọn sórí nígbà ìdánwò káńsù, ìdánwò ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, bí ọmọ kéú ṣe ń há wàláà. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, láti ọdún 8, mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì tí mo bi ara mi pé kí ni Orem wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí alẹ́ mi ṣe ń rí. Bẹ́ẹ̀dì 32, nọ́ọ̀sì 2, ẹnì kejì sì lè jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Aago 8 la gba wọ́ọ̀dù. Kó tó di 10 a ti pín oògùn, a ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, a ti pààrọ̀ omi tó tán lára àwọn tó ń gbà á. Aago 12, tíátà pè pé àwọn ń gbé ẹnì kan bọ̀. Wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, kò jí, a tan iná fóònù. Bàbá kan ti fa rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ yọ. Obìnrin kan ń ké pé ọgbẹ́ ń ta òun. Ìyàwó ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì 19 fẹ́ mọ ìdí tí a fi ní kó lọ sùn síta. Nínú gbogbo eléyìí, ibo ni Jean Watson, tí tíọ́rì tirẹ̀ dá lórí ìkẹ́ aláìsàn, fẹ́ dúró sí? Abẹ́ fáànù tí kò yí ni?

Tèmi ni pé ilé ìyá ni nọ́ọ̀sì ti ń mú ìwà bọ̀. Ẹni tó láàánú, ó láàánú. Ẹni tó ń jágbe mọ́ aláìsàn, bó ka tíọ́rì 40, á ṣì jágbe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́, ǹjẹ́ tíọ́rì ti ṣe yín lóore rí, lójúkojú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ inú ìwé dá mi lóhùn. Ìyẹn wà nílé.

Bàbá Ìbejì, Gwagwalada:

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ti fáànù yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá ẹ jiyàn díẹ̀.

Wọ́ọ̀dù ọkùnrin ni mo wà, a sì máa ń gba àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù gan-an. Lọ́dún méjì sẹ́yìn a gba Alhaji kan, oníṣòwò màlúù, ó ti lé ní 60 ọdún. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ara ti balẹ̀, ó ti ń jókòó, ọwọ́ òsì rẹ̀ le koko. Síbẹ̀ kò fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bu tuwo sí i lẹ́nu. Bí ọmọ bá lọ kírun, oúnjẹ á dúró dè é títí yóò fi tutù. Gbogbo wa la ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò fọwọ́sowọ́pọ̀.

Kí n jẹ́wọ́, èmi náà ò rántí Orem. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló ń kọ ètò ìtọ́jú Alhaji, tíọ́rì Orem, tó dá lórí bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀, ni wọ́n ní kó fi kọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ to gbogbo ohun tí èèyàn máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: jíjẹ, mímu, wíwẹ̀, yíyàgbẹ́. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ èyí tí Alhaji lè ṣe, èyí tí kò lè ṣe, àti ìdí rẹ̀. Nígbà tó dé ìdí níwájú jíjẹ, bírò rẹ̀ dúró. Ó wá bá mi.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí wọn ò lè jẹun fúnra wọn?"

Mo ní apá ọ̀tún ti kú.

"Ṣé òsì náà ti kú ni, sà?"

Ọwọ́ òsì! Ta ni nínú wa, ì báà ṣe Hausa, ì báà ṣe Yorùbá, tó máa fi òsì jẹun níwájú ọmọ tó bí? Alhaji ò kọ oúnjẹ, ojú ló ń tì í, ẹ̀sìn rẹ̀ sì ń bà á lẹ́rù. A lọ bẹ màálàm tó máa ń wá kí àwọn aláìsàn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó jókòó tì í, ó ṣàlàyé fún un pé ẹni tí àìsàn dè lọ́wọ́ kan, Ọlọ́run ò ní bi í ní ti ìkejì. Èmi wé báńdéèjì mọ́ ọrùn ṣíbí títí ó fi nípọn bí àtàǹpàkò méjì, kó lè dì í mú, mo sì gbé ìbòjú yí bẹ́ẹ̀dì ká. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kókó dà sí i láyà. Lọ́jọ́ kẹrin ó lá abọ́, ó ní kí ọmọ òun padà sí ìdí màlúù.

Orem ní ìgbà kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ìgbà kan wà tí òun àti aláìsàn jọ ń pín in ṣe, ìgbà kan sì wà tó jẹ́ pé kíkọ́ni àti ìṣírí nìkan ló kù. Àánú ló dá wa dúró síbi àkọ́kọ́ yẹn. Ìyá tó kọ́ ẹ láàánú, ṣé ó kọ́ ẹ níbi tó yẹ kó o ti jáwọ́?

Ìbọ̀wọ́-Tán, Kaduna:

Ẹ máa sọ ọ́ lọ. Lóṣù tó kọjá, aláìsàn ló ra ìbọ̀wọ́ tí mo fi wẹ ọgbẹ́ rẹ̀. Àwa 6 la jọ bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yìí. 4 ti wà lókè òkun, ọ̀kan ń ta léèsì. Mi ò ní Orem purọ́ o. Mo kàn ní kò bá wa ṣiṣẹ́ alẹ́ rí.

Mètíróònù tó ti fẹ̀yìntì, Zaria:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Ẹni Kaduna, mi ò ní bá ọ jà. Òótọ́ lo sọ, tíọ́rì ò lè ra ìbọ̀wọ́. Ọmọ Ọ̀fà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọdún 1988 ni mo tẹ̀ lé ọkọ mi dé Zaria. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò gbọ́ Hausa ju sannu, ẹ kú o, lọ. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ni wọ́n fi mí sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin Fúlàní kan wọlé, oyún kejì. Ó jókòó, ó fi ìbòrí bojú, kò wí nǹkan kan. Ẹ sì mọ bí àwọn tiwa ṣe ń rọbí: "Yéè! Ẹ gbà mí! Ọkùnrin yẹn ò tún ní fọwọ́ kàn mí mọ́ láyé!" Eléyìí dákẹ́ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Mo ní kò tíì yá, mo lọ bá ẹni tó ń pariwo lódìkejì. Ìgbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa fi fà mí láṣọ, orí ọmọ ti yọ. Ọlọ́run kó mi yọ, ọmọ náà ké. Ọ̀gá mi, obìnrin kan láti Gúúsù Kaduna, kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn bi mí pé, "Ta ló sọ fún ọ pé ìrora gbọ́dọ̀ ní ohùn?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ka Madeleine Leininger, mo wá rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ló kọ. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, nọ́ọ̀sì tó tún kẹ́kọ̀ọ́ nípa àṣà àwọn ènìyàn. Ó lọ gbé láàárín àwọn Gadsup ní Papua New Guinea láti wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara wọn. Ó ní bí nọ́ọ̀sì bá bá àṣà kan lára aláìsàn, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kó bá a pa á mọ́, kó bá a dúnàá-dúrà lórí rẹ̀, tàbí kó bá a tún un tò.

Ẹ wo jego, ìtọ́jú abiyamọ àwọn Hausa. Ìsinmi 40 ọjọ́, omi gbígbóná tí wọ́n ń fi ewé wọ́n sí i lára láàárọ̀ lálẹ́, kunu, ẹ̀kọ mímu, tí wọ́n fi kanwa sè. Kanwa, káún wa nìyẹn. Nígbà tí mo dé Zaria, àwọn ìyá tí ọkàn wọn ò gbé iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìbímọ kò wọ́n, ẹsẹ̀ wú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ibẹ̀ ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n ta ló máa ní kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú máa mu nǹkan tó kún fún iyọ̀? Àwa ọmọdé ìgbà náà, "Ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró!" ni tiwa. Wọ́n á ní to, ó dáa, wọ́n á délé, wọ́n á dá iná sábẹ́ ìkòkò. Nígbà tí ojú mi là, mi ò bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́, ìyá àgbà ni mò ń bá jókòó. Ìsinmi 40 ọjọ́, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó dára ju èyí tí ìjọba ń fún èmi gan-an lọ. Omi, a dúnàá-dúrà: kí ìyá àgbà fi ìgúnpá ara rẹ̀ tọ́ ọ wò ná. Kanwa ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi tsamiya, àjàgbọn wa nìyẹn, àti atalẹ̀ se kunu náà. Ọ̀pọ̀ gbà. Àwọn kan ò gbà.

Ẹ gbọ́ eléyìí náà. Ọmọbìnrin kan bí àkọ́bí rẹ̀, kò wo ojú ọmọ náà láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì wa kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, kọ ọ́ pé ọkàn ìyá ò fà sí ọmọ. Kunya ni. Ìtìjú àkọ́bí, wọn kì í fi ìfẹ́ rẹ̀ hàn níwájú àgbà. Ní nǹkan bí aago 2 òru, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń hanrun, mo fi tọ́ọ̀ṣì kọjá, mo rí i tó ń ka ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pa tọ́ọ̀ṣì.

Nightingale tí o kọ tí o sì pa rẹ́ ńkọ́? Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, níbi tí Kofoworola Abeni Pratt ti jẹ́ mètíróònù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn. St Thomas' ní London lòun ti kọ́ṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860. Nítorí náà, àwọn ọ̀gá wa á kọ́kọ́ ṣí fèrèsé kí wọ́n tó kí èèyàn. Mo gbé fèrèsé ṣíṣí yẹn dé Zaria nínú ọyẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọ́ọ̀dù ń wúkọ́, eruku wà lórí abọ́ oògùn. Mo padà lọ ka obìnrin náà dáadáa. Kò sọ ti fèrèsé bí ẹni ń sọ ti èèwọ̀. Ó ní kí atẹ́gùn tí aláìsàn ń mí mọ́ bí ti ìta, kí òtútù má sì mú un. Ìta fúnra rẹ̀ ò mọ́ lóṣù Kejìlá! A bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ tútù sójú nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí sankarau, àrùn yírùnyírùn, jà ní 1996, òdìkejì la ṣe: ooru àti èrò ló pọ̀, a kó ẹní síta sábẹ́ igi, a fi àyè sáàárín ẹní àti ẹní, ibẹ̀ la ti ń gún wọn lábẹ́rẹ́ chloramphenicol olóròóró. Ìwé kan náà ni mo fi ṣe méjèèjì.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa:

Mà, ẹ ṣeun. Inú ọkọ̀ ni mo ti ka tiyín, mo kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Ó rán mi létí nǹkan tí mi ò fẹ́ sọ.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún obìnrin Gbagyi kan láti abúlé kan lẹ́yìn Bwari. Wọ́n gé ọyàn òsì, wọ́n yọ àwọn kókó inú abíyá. Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn. Mo sì ṣe é dáadáa o, mi ò kánjú. Bí á ṣe máa na apá, bí á ṣe máa tọ́jú ọgbẹ́, kó má jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lápá yẹn. Mo fọwọ́ gbá àtàrí ara mi, mo fi Hausa mi tó gé sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé ẹrù karí fún ọ̀sẹ̀ 6. Ó ní to. Ọmọ rẹ̀ ní to. Mo fọwọ́ sí ìwé.

Lọ́jọ́ kejìlá ó padà wá, ọgbẹ́ ti là, apá ti wú. Inú bí mi. Mo ní ṣebí mo kìlọ̀ fún ọ. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́, ó ní òun ò gbé nǹkan kan ka orí.

Òótọ́ ni. Gbagyi kì í gbé ẹrù lórí, èjìká ni. Igi ìdáná, igbá, gbogbo rẹ̀, èjìká. Ọdún 8 ni mo ti ń rí wọn lójú ọ̀nà Bwari, mo tiẹ̀ ti ya fọ́tò wọn rí. Wọ́n ní orí ṣe iyebíye ju kí wọ́n gbé ẹrù lé e lọ. Àwa tí à ń bọ orí, àwa la tún ń di ẹrù rù ú, ẹ ẹ̀ rí nǹkan.

Mo kọ sínú ìwé rẹ̀ pé kò tẹ̀ lé ìmọ̀ràn. Ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mi.

Virginia Henderson, òun náà wà lára àwọn tó kọ tíọ́rì, ní nọ́ọ̀sì ń bá èèyàn ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ ì bá ṣe, ká ní ó lágbára tó, ká ní ó ní ìfẹ́ rẹ̀ nínú, tàbí ká ní ó nímọ̀ rẹ̀. Láti àná ni mo ti ń fi obìnrin yẹn wọ̀n ọ́n. Agbára, ó ní. Òun gan-an ló kó bá a. Ìfẹ́ inú, ó ní. Ìmọ̀, èmi ló kù fún. Bàbá Ìbejì, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, mo láàánú lọ́jọ́ yẹn o. Mo fún un lówó ọkọ̀.

Ìbọ̀wọ́-Tán, Kaduna:

Èyí wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọgbẹ́ là, ìbọ̀wọ́ ta lẹ fi wẹ̀ ẹ́?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa:

Tiẹ̀ ni.

Bàbá Ìbejì, Gwagwalada:

Kọ ìyẹn. Má lọ kọ ojú ìwé 10 nípa ìgbésí ayé Leininger, olùkọ́ yín ti kà á. Ìlà inú ìwé obìnrin yẹn, má pa á rẹ́ o, o mọ òfin. Kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀, fi ọjọ́ òní sí i, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, bu ọwọ́ lù ú.

Mètíróònù tó ti fẹ̀yìntì, Zaria:

Nígbà míì, ọmọ mi, má fọwọ́ gbá orí tìrẹ. Ní kó fi bí òun ṣe ń ṣe é hàn ọ́.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa:

Ó wá wẹ ọgbẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo ti kọ ìlà tuntun náà, sístà wọ́ọ̀dù kà á, kò sọ nǹkan kan. Mo ní kí obìnrin náà fi bó ṣe ń gbé igi hàn mí. Ó mú ìrọ̀rí orí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e sí èjìká ọ̀tún, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà. Ó wá bi mí bóyá èjìká ọ̀tún náà wà nínú èyí tí mo kà léèwọ̀ fún òun.

Mo ní kó jẹ́ kí n bi dókítà. Ojú ìwé 4 ni mo wà.